Ìwé Lọ́wọ́ Akọ̀wé, Àdúrà Lẹ́nu Ìyá

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù yìí fi orí ọ̀rọ̀ tòní ránṣẹ́ sí mi, mo pè é padà, mo ní bóyá ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. Ó ní èmi gan-an lòun ń wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó fẹ́ ara wọn ti tú ju ilé kan lọ láàárín wa, àwọn kan kì í kí ara wọn mọ́ ní ìpàdé, ó sì ti tó àkókò kí ẹnìkan dìde la ohun tí òfin ṣe àti ohun tí kò ṣe yé wa. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí nìyẹn. N kò wá ka Bíbélì fún yín, n kò sì wá ka Kùránì; àwọn tó mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ wà ní ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ìgbéyàwó, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ní ọdún 2016, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí fẹ́ obìnrin kan, ará Wales, ní rẹ́jísírì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá náà kò tóbi ju pálọ̀ lọ: àga bí ogún, tábìlì kan, òdòdó ọ̀rá nínú ìkòkò. Ìyá ọmọ náà wá. Ó wé gèlè, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè jáde. Láti àárọ̀ ló ti sọ fún mi pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó ní òun ní ilé sí Ìbàdàn, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí orúkọ òun nínú ohun tí òfin ilé lòdì sí. Báyìí ni mo ṣe di ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé ìgbéyàwó béèrè orúkọ bàbá àwọn méjèèjì àti iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ló dá a tọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òru ló fi rán an níwèé. Kò sí àyè fún orúkọ ìyá nínú ìwé ńlá yẹn nígbà náà. Wọ́n fa ìlà síbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, wọ́n kọjá lọ. Yíǹkì tí wọ́n ń lò jẹ́ irú èyí tó máa ń dúdú sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́, akọ̀wé sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fa bírò tèmi yọ.

Kí n tó gbé gègé sílẹ̀, ìyá tó jókòó sẹ́yìn ti dìde. Ó gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Akọ̀wé gbọ́wọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, kì í ṣe nínú yàrá yìí." Ìyá dákẹ́. Àmọ́ bí a ti dé orí àtẹ̀gùn níta, ó kó àwọn méjèèjì mọ́ra, ó bọ́ bàtà, ó sì gbàdúrà fún bí ogún ìṣẹ́jú nínú òjò wínníwínní, bọ́ọ̀sì ń kọjá, àwa ń ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó. Ẹni tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ló gbàdúrà. Ẹni tó fún wọn ní ìwé ló dá àdúrà dúró.

Akọ̀wé yẹn kò bá Ọlọ́run jà o. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìsìn kankan nínú ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ì báà ṣe ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ń so pọ̀. Ó sì ní ibi tó ti wá. Lábẹ́ òfin 1753, tí wọ́n ń fi orúkọ Lord Hardwicke pè, kò sí ìgbéyàwó tó múlẹ̀ ní England àti Wales àfi èyí tí àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá so. Àwọn Júù àti àwọn Quaker nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tàbí Onítẹ̀bọmi tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jogún òun gbọ́dọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà ìjọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n fara da á fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún kí òfin 1836 tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ́jísírì fún wọn. Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi tí ẹ ń wò mí láti iwájú yìí, àwọn baba yín nínú ìgbàgbọ́ wà lára àwọn tó jà fún rẹ́jísírì, nítorí wọn kò fẹ́ kí àlùfáà ẹlòmíràn máa pinnu ẹni tó jẹ́ ìyàwó wọn. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ yàrá yẹn.

Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro yé Yorùbá. Ọmọ wa kan náà lè gbéyàwó kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́bọ̀, wọ́n á lọ ṣe kóòtù ní Ìkòyí, wọ́n á wọ kóòtù tí wọ́n yá, wọ́n á ya fọ́tò. Ọjọ́ Ẹtì, alága ìdúró àti alága ìjókòó á gba ẹnu ara wọn, orógbó, oyin àti atare á yọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí kí wọ́n ti so yìgì tó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ọjọ́ tí wọ́n di tọkọtaya, á ní ọjọ́ ìdána. Pásítọ̀ á ní ọjọ́ tí òun so wọ́n pọ̀. Lọ́yà á ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ìgbà tí àwọn ilé mẹ́ta yìí bá fẹ́ gba iṣẹ́ ara wọn ṣe ni ìjà ń dé, a sì ti jà á rí. Òfin ìgbéyàwó tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní Èkó ní 1884 sọ pé ẹni tó bá tọ ọ̀nà náà, ìyàwó kan ṣoṣo ni, ọ̀nà òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ogún rẹ̀ yóò sì gbà, ọwọ́ ẹbí kọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fò mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù lórí ilé. Ní 1891, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó kan náà, ìjọ tó gba olóbìnrin púpọ̀ láàyè láàárín ọmọ ìjọ. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin tó ti fi òrùka fẹ́ ti àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin 1884, tó sì fẹ́ ìkejì, ìjọ lè pe ìkejì yẹn ní ìyàwó, kí wọ́n fún un lága níwájú. Lọ́dọ̀ ìjọba, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, a kò pè é ní òpin ayé. A ní ìjọ ní tirẹ̀, ìjọba ní tirẹ̀.

Kí wá ni ìwé ìjọba ń ṣe gan-an? Kò ṣe nǹkan sí ọkàn ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìwé yẹn ló ń sọ ẹni tí ilé kàn. Òun ló ń jẹ́ kí ilé bọ́ sọ́wọ́ èkejì láìsan owó orí ogún. Òun ni wọ́n ń wò fún owó ìfẹ̀yìntì, àti fún físà ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ní Wiltshire, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì wà, ìdílé Burden, tí wọ́n ti jọ gbé láti kékeré dọ́jọ́ ogbó. Wọ́n ní bí àwọn tó fẹ́ra bá lè fi ilé sílẹ̀ fún ara wọn láìsan owó orí, kí ló dé tí àwọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ní 2008, wọn kò rí àre gbà. Àwọn adájọ́ ní pípẹ́ tí ènìyàn méjì ti jọ ń gbé kọ́ ló ń mú ẹ̀tọ́ yẹn wá, bí kò ṣe àdéhùn tí wọ́n dúró ní gbangba ṣe, èyí tó ní ẹrù tirẹ̀ nínú. Àánú àwọn ìyá náà ṣe mí, àmọ́ n kò rí bí wọ́n ṣe lè dá a lọ́nà mìíràn. Ojú ìwé ni ìjọba ń wò, kì í wo ìfẹ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè sọ pé kí ìjọba fún ọkùnrin méjì níwèé, kí orúkọ ìgbéyàwó máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ilé aṣòfin kọ́kọ́ gbìyànjú nìyẹn. Ní 2004, wọ́n ṣe òfin civil partnership, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2005. Ohun tí ìwé ìgbéyàwó ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe é tán. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi dù wọ́n. Ẹnu ará ìlú sì kò gbà fún aṣòfin: láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń sọ pé "àwọn lágbájá ti ṣègbéyàwó". Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ péré, òfin 2013 fi orúkọ náà lé e, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní England àti Wales sì wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2014.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 1792 ni ìgbéyàwó ti kúrò lọ́wọ́ àlùfáà. Ọ̀dọ̀ olórí ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é, àlùfáà tó bá sì sọ ọ́ dàṣà láti so tọkọtaya pọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ń rú òfin. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Benin mọ irú rẹ̀: òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè wọn fọwọ́ sí ní 2004 sọ pé èyí tí akọ̀wé ìjọba bá ṣe nìkan ló ní agbára òfin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Níbí, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé fìlà méjì. Bó ti ń gbàdúrà ló ń so ìdè tí òfin mọ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé ní àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ẹ̀tọ́, láti ayé àtijọ́, pé kí wọ́n gbé òun níyàwó níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ Orin Dáfídì yàtọ̀ sí orin fújì. Bí òfin 2013 bá kàn sọ pé "ẹnikẹ́ni lè fẹ́ ẹnikẹ́ni" tó sì dúró síbẹ̀, ọkùnrin méjì ì bá lọ kan ilẹ̀kùn àlùfáà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi kan àgádágodo mẹ́rin mọ́ òfin náà. Kò sí ìjọ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n lè fi túláàsì mú. Ìjọ tí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́, kò lè ṣe é. Ẹni tó bá kọ̀, wọn kò lè pè é lẹ́jọ́ pé ó ṣe ẹ̀tanú. Ìkẹrin, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Wales, òfin kò fún wọn láyè láti fẹnu sọ pé àwọn fẹ́ bí ti ìjọ yòókù, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ yí òfin tiwọn padà. Àwọn Quaker sọ pé àwọn fẹ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jókòó lé e lórí fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì dìbò ní 2021: 254 gbà, 46 kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pariwo pé ìjọba ilẹ̀ yìí fi ipá mú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò gbọ́ nípa àgádágodo mẹ́rin yìí rí.

Síbẹ̀, ìjọba kò lè bọ́ aṣọ àlùfáà tán lọ́rùn ara rẹ̀. Láti kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni òfin ilẹ̀ yìí ti jogún ọ̀rọ̀ pé bí tọkọtaya kò bá tíì bára wọn sùn, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé ìgbéyàwó náà. Nígbà tí àwọn aṣòfin dé orí ẹsẹ̀ yìí ní 2013, tí wọ́n fẹ́ kọ bí ó ṣe máa kan obìnrin méjì, wọn kò rí i kọ. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Panṣágà náà, wọ́n fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín ọkùnrin àti obìnrin. Mo gbádùn ẹsẹ̀ òfin méjì yìí ju gbogbo ìwé náà lọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti rán aṣọ ìjọba mọ́ ti ìjọ, òwú sì hàn.

Àwọn ìjọ náà ń wá ọ̀nà gba ẹ̀bá. Ní ọjọ́ Ìsinmi 17 oṣù Kejìlá 2023, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ nínú ìsìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ wọn kò yí padà. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ìwé kan jáde láti Róòmù pé àlùfáà lè súre fún wọn, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe rẹ́jísírì, kò gbọdọ̀ sí aṣọ ìgbéyàwó níbẹ̀, kò gbọdọ̀ jọ ìsìn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Áfíríkà dáhùn ní oṣù Kìíní 2024 pé kò ní wáyé lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn Áńgílíkà tó fà sẹ́yìn kúrò lẹ́yìn Canterbury, tí Ìjọ Nàìjíríà jẹ́ òpó láàárín wọn láti ìgbà Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Akinola, ti pàdé ní Kigali ní oṣù Kẹrin 2023, wọ́n ní àwọn kò mọ olórí kan níbẹ̀ mọ́. Ohun tí Akinola àti àwọn tirẹ̀ ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó súre fún ọkọ àti ìyàwó ti gbé wọn níyàwó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo rí ọgbọ́n níbẹ̀ ju bí àwọn ará England ṣe fẹ́ gbà lọ. Nínú ilé ìdána, àdúrà ni ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá yọ àdúrà àwọn àgbà kúrò, kí ló kù bí kò ṣe iṣu àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò?

Mo ti sọ ti àlùfáà tó dé fìlà akọ̀wé. Ẹ wo akọ̀wé tó fẹ́ dé fìlà àlùfáà. Lillian Ladele ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìgbéyàwó ní Islington. Orúkọ ìdílé yẹn kò sì ṣàjèjì sí etí yín. Ọdún 2002 ló bọ́ sípò náà, kí òfin civil partnership tó dé. Nígbà tó dé, ó ní ìgbàgbọ́ òun kò jẹ́ kí òun lè ṣe é. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá a pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, títí méjì nínú wọn fi ní ó ń dun àwọn. Ó borí ní ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ ní 2008, wọ́n yí i padà lọ́dún kan náà, ó pàdánù ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní 2009, Strasbourg náà kò sì dá a láre ní oṣù Kìíní 2013, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Ẹjọ́ yìí kò rọrùn fún mi. Ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn wà tó rí ọgbọ́n dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Islington ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n yàn láti má ṣe é. Ṣùgbọ́n tábìlì rẹ́jísírì kì í ṣe pẹpẹ. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò súre fún ẹnikẹ́ni, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé wọ́n ti kọ ọkọ rí, tàbí pé wọ́n ti lóyún. Ó ń so olóṣì àti onígbàgbọ́ pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tí obìnrin méjì dé iwájú rẹ̀ ni tábìlì di pẹpẹ?

Nígbà tí àwọn kan ń sunkún pé wọ́n fún àwọn ní civil partnership dípò ìgbéyàwó, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, Rebecca Steinfeld àti Charles Keidan, ń sunkún pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ṣe é. Wọ́n ní ìgbéyàwó ti rùn sí àwọn, ìtàn bí wọ́n ṣe ń fa obìnrin lé ọkùnrin lọ́wọ́ kò bá àwọn lára mu, ìwé lásán ni àwọn ń fẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre ní 2018, ilẹ̀kùn sì ṣí fún irú wọn ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 2019. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, ó ní, "Ọkùnrin àti obìnrin? Kí ni wọ́n wá ń sá fún?"

Ẹ̀sìn ní tirẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣahun. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ, tọkùnrin tobìnrin, ni ìyàwó Kristi. Ní ilé wa, ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin ń dirun. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí fún òrìṣà, ì báà ní irùngbọ̀n, ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Potogí, wọ́n ń kọ ọ́ ní iaô. Ẹni tó bá fi èyí sọ pé àwọn baba wa ń gbé ọkùnrin fún ọkùnrin ti fa ọ̀rọ̀ ya. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí iaô tó ti gbé òrìṣà rẹ̀ lọ sí kóòtù lórí ogún. Ní Bahia kan náà, bí iaô bá fẹ́ ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, láti 2013 ni àwọn akọ̀wé ibẹ̀ kò ti gbọdọ̀ kọ̀. Ní Kúbà, ará ìlú fúnra wọn ló dìbò fún òfin ìdílé tó gbà á láàyè ní oṣù Kẹsàn-án 2022.

Ti Nàìjíríà ńkọ́? Ẹ ti ń retí rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí. Ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́, ọdún mẹ́wàá. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà ní òkèèrè, òfo ni nílé. Òfin náà dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé kò gbọdọ̀ wáyé níbẹ̀. Nígbà tó sì ń túmọ̀ ìgbéyàwó, ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan ló dárúkọ: òfin ìgbéyàwó ti ìjọba, òfin ìsìláàmù àti òfin ìbílẹ̀. Aṣòfin Àbújá mọ̀ pé ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ kan tì wọ́n pa. Ẹ lè ní bí ilẹ̀ wa ṣe fẹ́ nìyẹn. Pé ìjọba kò fún ènìyàn níwèé, ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, a lè jà á. Àmọ́ kí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá dẹ́rù ba ìyá tó wá wo ọmọ rẹ̀, n kò rí ibi tí ẹ̀sìn tàbí àṣà ti béèrè fún un. Àwọn tó ń dá ọmọ wọn lẹ́bi nínú ilé kì í pe ọlọ́pàá sí i.

Ẹ rántí ìyá tó kọ̀ láti fọwọ́ síwèé. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ìjọba ilẹ̀ yìí yí bí wọ́n ṣe ń kọ ìgbéyàwó sílẹ̀ padà. Wọ́n kó ìwé ńlá náà kúrò, wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìyá. Ó gbọ́ ọ lórí rédíò lẹ́nu iṣẹ́ òru, ó sì pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ṣé wọ́n á lè padà kọ orúkọ òun sínú ti ọdún 2016 yẹn, níbi tí wọ́n fa ìlà sí. Mo ní ti Ìbàdàn ńkọ́? Ó ní kí n fi Ìbàdàn sílẹ̀. Mo bá a wádìí. Wọn kì í tún ti àtẹ̀yìnwá kọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dáa, ṣé wọn kò lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun gbàdúrà? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí òfin ní wọn kò gbọdọ̀ kọ gan-an nìyẹn." Ó pòṣé, ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, iṣẹ́ ń pe òun.